Náílọ́ọ̀nù Ẹnu Táǹkì

Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà kò tíì tán nínú mi. Àwọn ọmọ ní kí n máa fi rẹ́rìn-ín báyìí, pé ó ti pẹ́. Èmi ò ní fi rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí ò ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré kan ni. Àwọn òyìnbó ló ń fi irú rẹ̀ gé koríko iwájú ilé wọn. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé Kútọnu rí i láàárín àwọn ẹrù àlòkù tó ń ti òkè òkun wá, ó rà á, ó ní kí wọ́n yọ abẹ ìgékoríko kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ohun tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Kí ó tó dé, ọwọ́ la fi ń ha ẹ̀gẹ́ lára páànù tí a fi ìṣó lu. Wo èékánná mi. Páànù ló jẹ ìdajì wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ náà wá dé Odomèta, gbogbo obìnrin àdúgbò wa ló ń ru ẹ̀gẹ́ wá sọ́dọ̀ mi, èmi náà sì di ẹni tí wọ́n ń kí láti òkèèrè.

Ó wá di ọjọ́ kan, àwọn obìnrin mẹ́fà ti bó ẹ̀gẹ́ wọn sílẹ̀ láti àárọ̀. Agbọ̀n mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ igi máńgòrò mi. Ẹ̀gẹ́ tí a ti bó kì í dúró de ènìyàn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá a níbẹ̀, yóò ti dúdú nínú, gàrí rẹ̀ kò ní funfun, kò sì sẹ́ni tí yóò wò ó lójú lọ́jà. Mo fa okùn ẹ̀rọ, ó dún. Ó lọ agbọ̀n kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó kú. A jẹ́ kó sinmi, mo tún fà á, ó jí, ó lọ díẹ̀ sí i, ó tún kú.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rọra sọ ọ́, àmọ́ mo gbọ́: "Ti ọkùnrin ọ̀nà Idigny yẹn kì í kú."

Ọkùnrin yẹn ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì ní alùpùpù tó fi ń gbé ẹrù oníbàárà dé ilé. Obìnrin tó bá gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í padà sọ́dọ̀ mi mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe mékáníkì kíá.

Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé kí irin iṣẹ́ rẹ̀ tó dé. "Ìyá, kábúrátọ̀ ni." Ibẹ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí iná tó gbà wọ́n. Ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, ó fẹ́ rọ́bà tí epo ń gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìdérí táǹkì láti wo epo.

Náílọ́ọ̀nù kan wà lábẹ́ ìdérí yẹn. Èmi ni mo fi í síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí pé bí ẹ̀rọ bá ti ń gbọ̀n, epo ń ta jáde, omi ẹ̀gẹ́ náà sì ń ta sí i lára. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé epo pupa láti Pobè, ta ni yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dé ẹnu kẹ́ẹ̀gì? Náílọ́ọ̀nù lákọ̀ọ́kọ́, kí ìdérí tó gùn ún. Kò sí ẹni tó ń gbé epo lágbègbè yìí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mékáníkì tilẹ̀ yìn mí. Ó ní, "Ìyá, ẹ mọ iṣẹ́." Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ́ náílọ́ọ̀nù náà padà, tó sì yí ìdérí lé e pinpin.

Ó fa okùn, ẹ̀rọ dún, ó wú àyà. Agbọ̀n kejì kò tíì tán tí ẹ̀rọ fi kú. Ó ní bují ni, ìyẹn èyí tó ń ṣáná. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún ṣí táǹkì, ó wò ó, ó dé e. Ẹ̀rọ jí, ẹ̀rọ kú. Ó wá fi ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ẹsáǹsì yín ni. Wọ́n ti bu omi lù ú."

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni mo ń ra ẹsáǹsì, epo tí ẹ̀rọ ń mu, lọ́wọ́ rẹ̀. Orí tábìlì ló ń to ìgò rẹ̀ sí ní oríta, kpayo, epo fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wọlé. Èmi ni ìyálé rẹ̀. Mo dé ibẹ̀, ìró mi kò dúró nídìí mi, àwọn tó ń rajà dúró yí i ká.

"Ìwọ obìnrin yìí, omi lo ń tà fún mi?"

Ó kúnlẹ̀ ná. "Ìyálé mi, ẹ kú ọ̀sán. Omi kẹ̀?"

"Má kí mi. Olè kì í kí ẹni tó jà lólè."

Kò pariwo. Ó mú ìgò kan, ó gbé e sókè sí oòrùn. "Ẹ wò ó. Omi wúwo ju ẹsáǹsì lọ, ìsàlẹ̀ ló ń sùn. Kí lẹ rí tó sùn síbẹ̀?"

N kò rí nǹkan kan. Mo wá ní torí ó mọ̀ pé ojú mi ti ń ṣe bàìbàì ló ṣe ń fi ìgò hàn mí. Alálùpùpù kan tó ti na ọwọ́ sí ìgò fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó gun nǹkan rẹ̀ lọ. Inú mi dùn nígbà tí mo rí ìyẹn. Má ṣe fò ó, kọ ọ́ síbẹ̀.

Kí n tó padà délé, obìnrin méjì ti ru agbọ̀n mẹ́ta lọ sí ọ̀nà Idigny. Mékáníkì jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà mi. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Kétu, kí n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀."

"O ti tú u tán," ni mo wí. "Èmi nìkan ló kù tí o kò tíì tú."

Mo fi ìbínú yí ìdérí táǹkì, pé mo fẹ́ da epo olómi náà nù. Ó ṣe fíìn. Náílọ́ọ̀nù náà ti wọnú lọ, ó jìn sínú bí ikùn ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo dúró. Àgóló mílíìkì ló wá sí mi lọ́kàn. Bí o bá lu ihò kan ṣoṣo sí i, yóò kán díẹ̀, yóò dáwọ́ dúró, àfi kí o lu ihò kejì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Mo gbé ìdérí náà sí oòrùn. Ihò kan wà láàárín rẹ̀ tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mí, èmi sì ti fi náílọ́ọ̀nù dí i. Gbogbo ìgbà tí mékáníkì ń ṣí táǹkì, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ẹ̀rọ ń jí, òun rò pé ọwọ́ òun ló jí i.

Mo yọ náílọ́ọ̀nù, mo dé e, mo fa okùn. Ẹ̀rọ náà kò wúkọ́ mọ́ títí agbọ̀n tó kù fi tán.

Mékáníkì rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ dí i."

"Ta ló yìn mí? Ta ló tẹ́ ẹ padà?"

Ó kó irin rẹ̀ lọ.

Ìyálé kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a sọ ní oríta, a kì í lọ kó o ní ìdáná. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí mo fi mú náílọ́ọ̀nù náà dání, tó ń rùn, mo lọ dúró síwájú tábìlì rẹ̀ títí èrò fi pé díẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo dí ẹnu ẹ̀rọ mi. Omi kò sí nínú epo obìnrin yìí."

Ó kúnlẹ̀. "Ó ti tán, Ìyálé mi."

Kò tán. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá lọ ra ẹsáǹsì, yóò gbé ìgò sókè sí oòrùn, yóò rọra yí i níwájú mi. Yóò kàn máa dúró títí n ó fi wí pé, "Mo ti rí i." Inú máa ń bí mi, mo sì máa ń wí i.