Ọ̀gá Ètè, Olùkọ́ Tí Kò Gbọ́ Ọmọ Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Rí

Púlọ́mbà ni. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ mọ́ ọn pé ó kọ́ orin ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá. Páìpù ló mọ̀, yálà èyí tí omi ń gbà kọjá ni o, tàbí èyí tí èémí ń gbà kọjá. Àwọn tó ń bá a fọn fèrè lórí fóònù ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ètè, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Ètè! Ẹ mú ètè le!"

Òun àti àbúrò rẹ̀ ló jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń gbé. Ògiri kan ló wà láàárín ibi tí àbúrò ń sùn sí àti yàrá tí wọ́n ń kó páìpù sí. Láràárọ̀, ní aago mẹ́fà, ọ̀gá á wọ yàrá páìpù, á fi fóònù ti agolo gọ́ọ̀mù, á ṣí ìpàdé lórí ayélujára. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ti ní fèrè onídẹ, kó wọlé: tòrńpẹ́ẹ̀tì, tròḿbóònù, túbà. Awakọ̀ ń wá, nọ́ọ̀sì ń wá, ìyá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń wá.

Òfin kan ló wà: kí gbogbo èèyàn pa máìkì. Nẹ́tíwọ̀kì kì í gbé ohùn gbogbo wọn dé pọ̀; bí wọ́n bá jọ fọn ún síta, ariwo ọjà ni. Nítorí náà, wọ́n ń gbọ́ ọ̀gá, ọ̀gá ò gbọ́ wọn. Á fọn tirẹ̀, á fi sípánà lu páìpù lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n fọn tiwọn, á máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, á ní:

"Ó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì í, èmi ò gbọ́. Ọlọ́run gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ògiri lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ o," ni àbúrò máa ń wí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ògiri létí. Dìde, lọ fọ irinṣẹ́."

Ọdún mẹ́fà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó fọn fèrè láàárọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Lọ́sàn-án, ó ṣubú lábẹ́ síǹkì oníbàárà. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì.

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Ẹtì ni àbúrò gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fẹ́ wá nọ́ńbà àwọn oníbàárà. Ọ̀rọ̀ àwọn afọnfèrè ló kọ́kọ́ rí.

"Ọ̀gá Ètè, ṣé oorun ti mú ètè lọ ni?"

"Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ẹ ò ka èèyàn sí o."

Èyí tó dá egbò sí i lára ni ti Onítúbà, awakọ̀ tírélà tó ti ń bá wọn bọ̀ láti ọdún kìíní: "Mo ti wí. Ohun ọ̀fẹ́ kì í tọ́jọ́."

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Tiwọn ju ti ọlọ́ṣà lọ. Ọdún mẹ́fà! Kò sẹ́ni tó béèrè pé, "Ṣé ara le?" Àbúrò pinnu: òun á wọlé, òun á bú wọn, òun á pa ẹgbẹ́ náà rẹ́ kúrò lórí fóònù.

Aago mẹ́fà lù. Ó wọ yàrá páìpù, ó ṣí ìpàdé. Ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n yọ, fèrè lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ò lójútì! Ẹ jẹ ẹ́ gbẹ, ẹ tún ń bú u!" Ó sọ ti síǹkì. Ó sọ ti òtútù yàrá páìpù. Itọ́ ń ta, omijé ń dà. Nọ́ọ̀sì ń juwọ́. Onítúbà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nàka sí etí.

"Ẹ tún wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ìyá tíṣà gbé síléètì sókè. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà: MÁÌKÌ.

Ọ̀gá ti to fóònù náà kí máìkì gbogbo ẹni tó bá wọlé wà ní pípa, títí kan tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tan tirẹ̀. Àbúrò ò mọ̀. Ìṣẹ́jú méje ló fi bú ògiri.

Ó tan án. Ó wá èébú tì. Ohun tó kù kéré.

"Ọjọ́ Ajé ló kú. Àbúrò ẹ̀ ni mí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Onítúbà. Ó tan máìkì. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀ torí ẹ ò béèrè, sà."

Kò dárí jì í. Títí dòní, kò tíì dárí jì í.

Ìka rẹ̀ ti wà níbi tí èèyàn ń tẹ̀ láti pa ẹgbẹ́ rẹ́. Nígbà náà ni ìyá tíṣà tan máìkì, ó gbé tòrńpẹ́ẹ̀tì sẹ́nu, ó fa ohùn gígùn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tan tirẹ̀. Gbogbo wọn tan án. Ọ̀kan ń wá, ọ̀kan ń lọ, fèrè ń gun ara wọn. Ariwo ọjà gan-an.

"Ẹ pa á!" Àbúrò ò mọ ìgbà tó pariwo. "Ẹ pa máìkì! Ṣé bó ṣe kọ́ yín nìyẹn?"

Wọ́n pa á.

Sípánà ṣì wà lórí páìpù, níbi tí ọ̀gá fi í sí. Àbúrò mú un. Ọdún mẹ́fà ló ti ń gbọ́ ọ gba inú ògiri. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú lójú fóònù. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Bàbá Onítúbà! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́! Ètè! Ẹ mú ètè le!"

Ó tún lu páìpù.