Ìkíni Tó Ń Gé Ìka Níbi Tí Wọ́n Ti Ń La Kajú

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì kò yé àwọn ará ilé wa ní Manigri. Mo sọ fún wọn pé mò ń wádìí ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ṣe ènìyàn léṣe. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Tàntí, ní, "Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè ọ́ ní porofesọ̀ọ̀? Ẹ̀rọ ń ṣe ènìyàn léṣe torí pé irin ni." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀.

Tàntí yìí ló ń gun alùpùpù lọ sí Bassila láràárọ̀, níbi tí òun àti obìnrin márùn-ún ti ń fi ẹ̀rọ la kajú. Ọwọ́ òsì á gbé kóró sáàárín abẹ méjì, ọwọ́ ọ̀tún á fa irin, ẹsẹ̀ á tẹ irin ìsàlẹ̀, èèpo á là. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, abẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì ní ìka kan náà. Nọ́ọ̀sì ní bó bá tún gé e, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gé ìka náà kúrò. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo gbé ìwé àti aago lọ síbi iṣẹ́ wọn. Mo wọn gíga tábìlì, mo wọn ẹsẹ̀ wọn débi pé wọ́n ń bi mí bóyá bàtà ni mo fẹ́ rà fún wọn. N kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta, mo jáde lọ mu omi, mo padà wọlé, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbójú sókè láti dá mi lóhùn, ọwọ́ wọn kò sì dúró. Díẹ̀ ló kù kí abẹ bá ìka Tàntí. Mo bi í bí abẹ ṣe gé e lẹ́ẹ̀mejì ìṣáájú. Àlejò ló kí i nígbà méjèèjì.

Ní ìlú wa, ta ló lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i? Síbẹ̀, mo ní kí a lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má kí wọn mọ́. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà," Tàntí wí, "kò lè ní àkísà bí àgbà. Kí wọ́n máa kí wa. Ọwọ́ méjèèjì la ó máa gbé sókè dáhùn."

Mo kọ ọ́ sínú ìwádìí mi gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ìkórè, mo kí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ dúró, ọwọ́ méjìlá gòkè, wọ́n ń kí mi káàbọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú mi lọ tààrà sọ́wọ́ Tàntí. Mo ka ìka rẹ̀. Mẹ́wàá pé.