Máìlì Méjìlá Nínú Aṣálẹ̀

Mo rántí ìgbà tí mo ń gbé nínú yàrá kan ní Rippleside, nílùú òyìnbó, lókè ilé ìyá Ìjẹ̀bú kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, tí iṣẹ́ oòjọ́ mi sì jẹ́ kíka lébẹ́ẹ̀lì ara ewéko gbígbẹ. Ilé ìtọ́jú ewéko kan ló gbà mí fún oṣù mẹ́ta. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń rìn káàkiri ayé, tí wọ́n ń já ewé àti òdòdó, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ gbẹ, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sí igun páálí náà pé ibi báyìí ni a ti rí i, ní ọjọ́ báyìí. Wọ́n ti ya fọ́tò gbogbo páálí wọ̀nyí. Tèmi ni kí n jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú yàrá mi, kí n wo fọ́tò, kí n sì tẹ ohun tí mo bá kà, kí àwọn onímọ̀ lè rí i lò.

Ọkàn mi kò balẹ̀ nígbà náà. Fisa mi ku oṣù díẹ̀, oṣù mẹ́ta iṣẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ọ̀gá mi, obìnrin òyìnbó kan tí kì í gbé ohùn sókè, ti sọ pé àwọn tó bá ṣe dáadáa ni wọn yóò fi kún àkókò wọn. Mo gbọ́ “dáadáa”, mo túmọ̀ rẹ̀ sí “kíákíá”. Àpótí kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ohun tí a kà kò bá dá wa lójú, kí ẹlòmíràn lè tún un wò. N kì í tẹ̀ ẹ́. Lójú mi, ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra ń fi ara rẹ̀ hàn bí òpè ni. Àwọn àgbà ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n èmi rò pé àwọn àgbà yẹn kò ní fisa tó ń lọ sópin.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, fọ́tò ewéko aṣálẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè kan ni wọ́n kó fún mi, gbogbo wọn láti inú àfonífojì kan ṣoṣo tí àpáta ga sí lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀kan nínú wọn kéré, òdòdó rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, erùpẹ̀ díẹ̀ ṣì wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnikẹ́ni kò tún rí irú rẹ̀ láàyè. Ìkọ̀wé ara lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ṣá. Mo kà á pé wọ́n já a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ti ń sun lára àpáta, ní máìlì méjì sí ẹnu àfonífojì. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo bọ́ sórí èyí tó kàn.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀gá mi fi ímeèlì ránṣẹ́. Ó ní onímọ̀ ewéko kan, bàbá àgbàlagbà tó ń gbé nítòsí aṣálẹ̀ náà, ti ka àkọsílẹ̀ mi, ó sì ti dá gbéra ní ìdájí ọjọ́ yẹn láti lọ wá ewéko náà. Ó ní òun máa sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá àgbà pé iṣẹ́ mi ló fà á. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo ṣí fọ́tò náà kí n tún fi ojú kan ohun tó fẹ́ sọ mí di èèyàn ńlá, mo fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú nọ́ńbà 2 yẹn, ó ti ṣá bí irun tó já sórí bébà. Kì í ṣe méjì. 12 ni, méjìlá.

 Ní máìlì méjì ni bàbá yẹn gbójú lé pé òun máa rí omi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyí: mo pa méjì rẹ́, mo tẹ méjìlá. Ó ti tọ́ báyìí. Ta ló máa mọ̀? Mo jókòó. Mo sọ fún ara mi pé bàbá náà á ti gbé omi púpọ̀ dání, pé á yí padà bí kò bá rí nǹkan kan, pé bí mo bá lanu, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ìdajì wákàtí kọjá. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bu omi mu ní kíṣìnì.

Ìyá onílé ń fi áyọ́ọ̀nù lọ sùtánà rẹ̀ fún ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ó wò mí. “Kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣé lẹ́tà fisa ni?”

“Rárá, Mọ́mì. Mo ṣi nọ́ńbà kan kọ níbi iṣẹ́ ni.” Mo rò ó fún un.

“Bàbá yẹn wà nínú oòrùn bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O wá dúró sí kíṣìnì mi, ò ń mumi! Gbé fóònù ẹ jàre. Iṣẹ́ á tún wà. Ẹni tó bá kú ti lọ nìyẹn.”

Ó dúró tì mí títí ọ̀gá mi fi gbé e. Mo sọ fún un pé méjìlá ni, kì í ṣe méjì. Ọ̀gá mi bi mí pé, “Ìgbà wo lo rí i?”

“Ní báyìí báyìí ni,” mo dáhùn.

Ó ní òun ń pe ìyàwó bàbá náà. Ọ̀sán lọ́dọ̀ wa, òwúrọ̀ ṣì ni lọ́hùn-ún. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo di fóònù mú, mò ń gbọ́ bí bọ́ọ̀sì ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ní Ripple Road. Ìyá onílé tan àbẹ́là, ó gbàdúrà, ó tún wá yọjú wo fóònù náà, ó tún padà. Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí fóònù náà dún. Àwọn tó lọ wá a ti rí bàbá náà lẹ́yìn máìlì kẹfà, ó jókòó sábẹ́ òjìji àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, omi ọwọ́ rẹ̀ ti tán tipẹ́, ètè rẹ̀ ti là. Àwọn tó gbé e lọ sí ọsibítù ní díẹ̀ ló kù kó kú.

Wọn kò fi kún àkókò mi. Ọ̀gá mi yìn mí pé mo ní ìgboyà láti jẹ́wọ́, ó sì kọ lẹ́tà dáadáa tí mo fi rí iṣẹ́ mìíràn ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Dagenham. Bàbá náà pàápàá kọ̀wé sí mi: ó ní ìwà òmùgọ̀ tòun ni bí òun kò ṣe gbé omi tó, àti pé òótọ́ tí mo tètè sọ ni òun fi wà láàyè. Mo ká lẹ́tà náà, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá onílé fi mí jẹ́rìí níwájú ìjọ, àwọn èèyàn bọ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Bàbá náà ti sùn lórí ibùsùn rẹ̀, ikú àgbà. Mo ti sọ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì máa ń fo ìdajì wákàtí yẹn. Nígbà mìíràn mo máa ń bi ara mi léèrè ohun tí ǹ bá ṣe ká ní mo dé kíṣìnì lọ́jọ́ náà tí n kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìdáhùn tó ń wá kì í tù mí nínú.