Ọgbọ̀n Orúkọ Lórí Òkè

Ní ọdún 1951, ogójì ọkùnrin ló sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Ìdànrè lọ dìbò ní Odode. Ní 1954 wọ́n jẹ́ mọ́kàndínlógún. Ní 1956, mẹ́jọ péré. Ìbílọlá mọ iye wọn, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ni àtẹ̀gùn òkúta tí wọ́n ń gbà sọ̀kalẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ kí i.

Ìlú fúnra rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ tipẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn ará Ìdànrè ti fi àárín àwọn òkúta ńlá sílẹ̀, tí wọ́n lọ kọ́lé sí Odode ní ẹsẹ̀ òkè níbi tí mọ́tò lè dé. Àwọn arúgbó ló ṣẹ́ kù lókè, àti àwọn alágídí. Bí wọ́n bá pe Ìbílọlá ní alágídí, kì í jiyàn.

Ògúndípẹ̀ ọkọ rẹ̀ dìbò nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbílọlá kò dìbò rí. Ẹni tó bá ní rìsíìtì owó orí ló ń dìbò nígbà náà, kò sì sí ẹni tó gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ohun tó mọ̀ nípa ìbò ni pé ó ń mú àwọn ọkùnrin lọ sísàlẹ̀, kì í sì í dá gbogbo wọn padà. Ọkùnrin kan yóò dìbò, yóò sùn sílé ọmọ rẹ̀, yóò rí i pé ọjà kò jìnnà, pé orúnkún òun kò dun òun mọ́. Kí oṣù tó yí po, ọmọ náà ti wá kó ẹrù rẹ̀. Ògúndípẹ̀ ní tirẹ̀ padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí òkè ló kú sí, ní 1957.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1959, wọ́n rán Ignatius, tíṣà ilé ìwé Kátólíìkì, pé kó gòkè lọ kọ orúkọ àwọn tí yóò dìbò. Lọ́tẹ̀ yìí, tọkùnrin tobìnrin ni. Ó dé, ó jókòó lórí òkúta, ó ń fi ìwé orúkọ fẹ́ ara rẹ̀.

"Tíṣà, mí ná," ni Ìbílọlá wí. "Òkè kò ní sá lọ."

Nígbà tó mí tán, ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀, ó ṣàlàyé fún un. Láti odò Owena títí wọ inú igbó kòkó lọ sí ọ̀nà Ofosu, agbègbè ìdìbò kan náà ni, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì lọ jókòó fún gbogbo wọn ní ilé ìgbìmọ̀ ní Èkó.

"Ẹni náà yóò ha gòkè wá síbí?"

"Kí ló fẹ́ wá ṣe, Ìyá?"

"Kí ni ìwọ wá ṣe?"

Ignatius rẹ́rìn-ín. Ó ní bí orúkọ tó wà lókè bá pé ọgbọ̀n, wọn yóò gbé àpótí ìbò gòkè wá. Bí kò bá pé, Odode ni wọn yóò ti lọ dìbò.

Bí àpótí bá lè fa ènìyàn sísàlẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ kó fà wọ́n sókè? Ìbílọlá dìde, ó mú tíṣà lọ́wọ́, ó ń mú un káàkiri àwọn agbo ilé, láti yàrá dé yàrá.

"Ta ló ni èyí?" ni tíṣà béèrè.

"Benedict ni."

"Benedict dà?"

"Ó wà ní Èkó."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún kọkànlá rèé."

"Ìyá, Èkó ni ẹni tó ń gbé Èkó ti máa dìbò."

"Ibi iṣẹ́ nìyẹn. Ibí ni yàrá rẹ̀ wà."

Báyìí ni wọ́n ṣe títí ó fi dárúkọ mẹ́tàlélógójì. Ignatius kọ méje péré, àwọn tó ń gbé lókè gan-an. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe é, ó ní bí àwọn yòókù bá fúnra wọn gòkè wá kọ orúkọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, òun yóò kọ wọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, Ìbílọlá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Odode, sí ilé Dominic ọmọ rẹ̀ tó ń ra kòkó. Ọdún mẹ́sàn-án ni Dominic kò tíì gòkè, àfi ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀.

"Ìyá, mo ti kọ orúkọ tèmi síbí. Ènìyàn kì í kọ orúkọ síbi méjì, ẹ̀wọ̀n ni."

"Ní kí wọ́n pa á rẹ́."

"Nítorí kí ni?"

"Kí o lè gòkè wá."

Joanna, ìyàwó Dominic, bú sẹ́rìn-ín láti inú ilé. "Ìyá, ẹ ò rí ikùn ọmọ yín ni? Bó bá dé ìdajì ọ̀nà, àwa la máa lọ gbé e."

"Ìyá, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa," ni Dominic wí. "Yàrá wà."

"Èmi náà ní yàrá. Tìrẹ náà wà lọ́wọ́ mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbá a."

Dominic wo ilẹ̀. Ó pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń sá kòkó, ó bá a wí lórí ohun tí kò ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, kò sí ẹni tó gòkè.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá, Ìbílọlá tò sórí ìlà ní Odode pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkùnrin tó jókòó nídìí tábìlì ka ìwé: "Ìbílọlá Ògúndípẹ̀, Odode."

"Kì í ṣe Odode. Òkè."

"Ìyá, Odode ni wọ́n kọ síbí."

"Kí ẹni tó kọ ọ́ wá sílé mi wá wò ó."

"Ẹ gbà fún un o, Ìyá," ni obìnrin kan kígbe lẹ́yìn, "ọbẹ̀ mi wà lórí iná!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìbílọlá dúró díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó na àtàǹpàkò rẹ̀ kí wọ́n fi yíǹkì sí i. Ó gba ìwé, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta. Àmì ẹgbẹ́ òṣèlú wà lára àwọn àpótí: ọ̀pẹ lára ọ̀kan, àkùkọ lára òmíràn. Èyí tó jù ú sí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó jẹun nílé Dominic. Joanna ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí yàrá tó kọjú sí ọ̀nà, ó gbé omi gbígbóná fún un láti fi wẹ ẹsẹ̀. Omi náà tù ú lára púpọ̀. Ó jókòó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó ń wo ògiri tí wọ́n kùn ní funfun, ẹ̀rù sì bà á nítorí bí ibẹ̀ ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó. Ó dìde.

"Mò ń lọ."

Dominic bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó sì tẹ̀lé e níkẹyìn. Ní ibi ìsinmi kẹta lórí àtẹ̀gùn náà, ó jókòó, òógùn ti rin ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní lọ́rì kan ń bọ̀ láti Ofosu, pé òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó já ẹrù.

"Mo rí òrùlé mi láti ibí," ni ó wí, ó sì nawọ́ sí àwọn páànù ìsàlẹ̀.

Ìbílọlá wo òkè. "A kò tíì rí tèmi."

"Màá gòkè wá ní Kérésì, Ìyá. Mo ṣèlérí."

"Ó dáa."

Ó gba ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, bí ẹni pé òun ló fẹ́ ràn án lọ́wọ́ láti dìde. Dominic sọ̀kalẹ̀, kò wo ẹ̀yìn, nítorí pé àtẹ̀gùn náà ń yọ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà títí tó fi wọ àárín àwọn ilé. Lẹ́yìn náà ó ki ìró rẹ̀ bọ ìbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.