Ilẹ̀kùn Alhaji

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí mo fi rí iṣẹ́ yìí ní Chicago: kí n máa wá ilé fún àwọn ọmọ tí wọ́n kó kúrò níbi ogun láìsí òbí. Miss Dorothy tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Má polówó ọmọ fún ẹnikẹ́ni. Sọ òótọ́, kí o dákẹ́."

Dídákẹ́ kò ni mí lára.

Nígbà tí Amna àti àbúrò rẹ̀ Idris dé láti Sudan, ìdílé kan ní Plainfield fẹ́ Amna nìkan. Amna ní kí ògbufọ̀ sọ fún mi pé ìyá àwọn ló fi ọwọ́ Idris lé òun lọ́wọ́. Bí Idris ò bá lọ, òun náà ò lọ. Òfin wa sì ni pé ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó ti bàlágà kò gbọdọ̀ sùn ní yàrá kan náà.

Mo lọ bá Alhaja Sìdíkátù ní Country Club Hills, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde jàre, ilẹ̀ yẹn tutù. Ọmọ mélòó?"

"Méjì ni, mà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò."

"Ọ̀kan ni mo sọ fún ọ́fíìsì yín. Yàrá kan ló ṣófo."

Ojú mi lọ sí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n tì pa.

"Ti Alhaji nìyẹn. Látìgbà tó ti kú, mi ò ṣí i."

Ta ni mí tí màá ní kí àgbà ṣí yàrá ọkọ rẹ̀? Mo dákẹ́. Tíì tó gbé fún mi tutù.

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?" ló bi mí.

"Ó ti ṣaláìsí, mà."

"Aṣọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! O wá jókòó, ò ń wo ilẹ̀kùn mi."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Àwa méjèèjì la jọ ká agbádá Alhaji sínú àpótí kan. Kò jẹ́ kí n fa àpótí náà nílẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ kó dé ibẹ̀, Alhaja pè mí. "Amna ò ní ìborùn gidi. Ṣé o ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn?"

Mo ṣí i lọ́jọ́ náà, nílé mi ní Matteson.

Nígbà tí mo tún lọ bẹ̀ wọ́n wò, Amna ló ṣílẹ̀kùn, ìborùn ìyàwó mi lórí rẹ̀, Idris lẹ́yìn rẹ̀.