Bẹ́ǹṣì Pupa Ọjọ́ Aboyún

Tí ẹnikẹ́ni bá ń kun ọ̀dà ládùúgbò wa ní Ìbà, òórùn rẹ̀ a máa gbé mi padà sí gbọ̀ngàn aboyún ilé ìwòsàn kan ní Òkòkómaikó, níbi tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí títí wọ́n fi ní kí n lọ sinmi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọ́n ní kí n lọ ni. Èmi ò sọ pé ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ aboyún. Àwọn obìnrin á dé láti Ọ̀jọ́ àti Ìyànà Ìbà, wọ́n á kọrin, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á jó tikùntikùn, lẹ́yìn náà ni mátírọ́ọ̀nù á bọ́ síwájú. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń gé ìwọ́ ọmọ, òun ni wọ́n wá fi ṣe ọ̀gá mi. Ohùn tí wọ́n fi ń lé ewúrẹ́ ni Ọlọ́run fún un. Kó tó mẹ́nu kan ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, á kọ́kọ́ béèrè lójú gbogbo ayé pé, "Ta ló ń lo nǹkankan nínú yín?" Ẹni tó bá jẹ́wọ́, orí bẹ́ǹṣì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kàn, òun la ó sì dá lóhùn kẹ́yìn. Odindi ọdún kan la fi wò ó, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù wá kọ̀wé sókè pé kò sí aboyún kankan tó ń lo oògùn olóró ní agbègbè wa. Ní Òkòkómaikó!

Ọmọbìnrin onídìrí kan láti Igbó-Elérin ló ba ìròyìn rere yìí jẹ́. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà.

"Tírámádọ̀ ni mò ń lò, mà," ó wí. "Ẹ̀yìn ló ń dùn mí tẹ́lẹ̀, torí ìdúró. Ní báyìí, tí mi ò bá lò ó, ara mi á máa gbọ̀n. Wọ́n ní ẹ lè ràn mí lọ́wọ́."

"Ìwọ! Ṣé o fẹ́ bí wèrè fún wa ni?" mátírọ́ọ̀nù figbe ta. "Bọ́ sórí bẹ́ǹṣì! Tó o bá délé, kó gbogbo ẹ̀ dà sí ṣáláńgá. O ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́ láti òní lọ."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ oògùn yẹn kì í já a sílẹ̀ lójijì, àgàgà aboyún, nítorí ọmọ inú rẹ̀ lè fara gbá a. Dókítà ló yẹ kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni mátírọ́ọ̀nù ni, mà?" ó dá mi lóhùn. Májèlé ló wà nínú "mà" yẹn.

Ọmọbìnrin náà ti gbé báàgì rẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé tó bá fi lè jáde, a ò ní rí i mọ́, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo yọ agolo aáṣáà mi, èyí tí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà ti ń pe sísín rẹ̀ ní ọ̀fìnkìn láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, mo sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pupa.

"Èmi náà ń lo nǹkan," mo wí. "Ẹ dá mi lóhùn kẹ́yìn." Ni mo bá sín.

Ìyá àdúrà kan, aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà, dìde tòun ti ikùn. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ sún fún mi. Ògógóró tí wọ́n rẹ egbò igi sí ni tèmi, láràárọ̀. Ẹ̀mí ò sì tíì bá mi wí."

"Oògùn ikọ́ ni tèmi," ẹlòmíì wí, "kò sì sí ikọ́ tó ń ṣe mí."

"Èmi ò lo nǹkankan o," ẹ̀kẹrin wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń gbádùn."

Bẹ́ǹṣì dún kẹ́ẹ́, gbogbo wa fò dìde. Ọmọbìnrin onídìrí bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ó dikùn mú, ó sì padà wọlé. Ariwo yẹn ló mú dókítà jáde. Ó pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la ti ń béèrè ìbéèrè yẹn.

Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà dín oògùn náà kù títí ọmọbìnrin náà fi bímọ. Ọmọ náà gbọ̀n fún ọjọ́ mélòó kan, ó ké kíké líle, a ń ṣọ́ ọ, ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ àyà. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Tó bá rí mi, á kí mi kíákíá, á sá lọ.

Nígbà tí mátírọ́ọ̀nù náà fẹ̀yìn tì, wọ́n kà á níbi ayẹyẹ rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn pé òun ló mú bẹ́ǹṣì ìtìjú kúrò. Mo ti fẹ́ dìde láti ìlà ẹ̀yìn. Àmọ́ tí mo bá dìde, ẹnìkan lè béèrè ẹni tó gbé e wá. Èmi ni. Èmi ni mo dá a lábàá nípàdé, kí ojú lè máa tì wọ́n. Èmi ni mo ra ọ̀dà, tí mo fọwọ́ ara mi kùn ún. Mátírọ́ọ̀nù gan-an ló béèrè lọ́jọ́ ìpàdé náà pé, "Ṣé kò le jù báyìí, mà?" Mo ní kó lọ jókòó.

Mo fi aáṣáà símú, mo sín, mo sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀yìnkùlé mi ni bẹ́ǹṣì náà wà báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún. Pupa yẹn ṣì ń yọ.