Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Bí Ẹni Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Ní Libreville, oṣù keje kì í mú òjò wá. Ojú ọ̀run á ṣú láti àárọ̀ dalẹ́, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́ láti etí òkun, gbogbo ara á máa retí òjò, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kan kò ní bọ́ sílẹ̀. Irú oṣù bẹ́ẹ̀ ni mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ tó kan orílẹ̀-èdè gbogbo àti àṣà oríṣiríṣi ènìyàn láyé. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Mo gbà pé kò sí ìṣòro ayé kan tí mi ò lè fi Faransé tó dán mọ́rán ṣàlàyé.

Libreville ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Nzeng-Ayong, níbi tí bàbá mi ti ń ta ìkòkò àti abọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn àti ìyá mi ti wá. Yorùbá là ń sọ nílé, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹsẹ̀ kan títì, Faransé ni, kò sì sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi kó mọ̀ pé ọmọ àlejò ni mí. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú ju bó ti yẹ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa, obìnrin gíga kan tí kì í gbóhùn sókè, ní kí kálukú sọ ibi tí ẹbí rẹ̀ ti wá. Mo ní, "Nzeng-Ayong." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì kan ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ tí mo ní níbẹ̀, ọmọbìnrin onílùú tó ń bá mi wọ takisí kan náà láràárọ̀, gbà pé ọmọ Gabon bíi tirẹ̀ ni mí. N kò purọ́ fún un. Mi ò kàn sọ òótọ́ ni.

Ohun tí mò ń fi pamọ́ kò mọ síbẹ̀. Ìwé ìgbélùú mi, tí gbogbo wa ń pè ní kaàtì, ti kú láti oṣù mẹ́ta. Bàbá mi ti kó àwọn ìwé mi lọ sí ọ́fíìsì, àwọn ará ibẹ̀ sì fún wọn ní pépà kan pé kí n máa fi rìn títí tuntun yóò fi jáde. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára pépà náà ti kọjá, tuntun kò jáde, "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ni wọ́n sì ń sọ fún bàbá mi ṣáá. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọlọ́pàá ń dá takisí dúró lójú pópó. Láràárọ̀ ni ìyá mi máa ń dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà: "Bí o bá rí wọn, má sáré, má jiyàn. Ẹni tó ń gbé ìlú onílùú, ó yẹ kó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀." Mo máa ń ní kí wọ́n má mikàn. Ṣùgbọ́n láti ilé dé yunifásítì, ojú ọ̀nà ni mo máa ń wò. Bí awakọ̀ bá kàn dẹwọ́ eré lásán, ọwọ́ mi á ti wà lórí báàgì mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn takisí. Nígbà tí a dé Sotega, àgbàlagbà kan wọlé jókòó tì mí. Mo mọ̀ wọ́n. Bàbá aláṣọ ni, ará Ṣakí, tí wọ́n ń ta léèsì àti àǹkárá ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbẹ̀. Àwọn àti bàbá mi jọ máa ń kírun Jímọ̀ ni. Faransé wọn kò ju èyí tí wọ́n fi ń tajà lọ. Mo yíjú sí fèrèsé. Mo ti ká ìborùn mi sínú báàgì bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má dá mi mọ̀. Wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún wò mí, wọ́n gbójú kúrò.

A ò tíì rìn jìnnà tí fèrè ọlọ́pàá dún. Ọ̀kan nínú wọn yọ orí wọlé: "Ìwé yín!" Ọ̀rẹ́ mi fi tirẹ̀ hàn. Èmi ki ọwọ́ bọ báàgì, mo fọwọ́ kan pépà náà, ọwọ́ mi kọ̀, kò jáde mọ́. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín sí ọlọ́pàá náà, ó ní, "Ọmọ kíláàsì mi ni, a ti pẹ́." Mo ní mo gbàgbé káàdì ìdánimọ̀ mi sílé. Ohùn mi ò gbọ̀n. Faransé mi ló gbà mí. Ọlọ́pàá náà mirí, ó sì kọjú sí bàbá aláṣọ.

Bàbá náà wá àpò jalabíà wọn lọ́tùn-ún lósì, wọn ò rí nǹkan kan. Ọlọ́pàá ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù ni mo gbàgbé kaàtì sí. Kò jìnnà. Kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ mú un."

Ọlọ́pàá bi mí pé, "O gbọ́ èdè rẹ̀?"

Mo ní, "Rárá. Mi ò mọ ohun tó ń sọ."

Bàbá aláṣọ gbọ́ Faransé tó ìyẹn. Wọn ò bínú. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ṣèèṣì kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì fúnra wọn sọ̀ kalẹ̀. Bí takisí ṣe gbéra, mo rí i tí àwọn ọlọ́pàá ń ti bàbá wọ ọkọ̀ wọn.

Èmi ló kàn láti sọ̀rọ̀ ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Bí àwọn ará aṣálẹ̀ ṣe ń gba àlejò ni mo kọ, ojú ewé mẹ́rin gbáko. Mo dìde, mo ka gbólóhùn méjì, ẹ̀kẹta ò jáde. Olùkọ́ wa bi mí jẹ́jẹ́ bóyá ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀rù kí ni?"

Ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀, kaàtì tó kú, takisí, bàbá aláṣọ. N kò lè wo ojú ọ̀rẹ́ mi. Mo ń retí kí olùkọ́ wa sọ pé òun yóò bá mi pe ẹni ńlá kan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Èmi lè tẹ̀ lé ọ lọ sí àgọ́ wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ èdè bàbá náà. Ìwọ lo gbọ́ ọ."

Ọ̀rẹ́ mi ti gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ dúró kọ́ àwọn yòókù, Màdáàmù. Èmi á bá a lọ." Ó ń rìn níwájú mi títí a fi dé ẹnu ọ̀nà àgọ́. Níbẹ̀ ló ti ní, "Mo rò pé ọ̀rẹ́ ni wá."

Mo ṣílẹ̀kùn, a wọlé. Bàbá aláṣọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, àwọn ọlọ́pàá ti gba ìgbànú àti bàtà wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá bi mí ohun tí bàbá yìí jẹ́ sí mi.

"Bàbá mi ni."

Ó ní, "Ìwé tìrẹ ńkọ́?"

Mo mú pépà tó ti kú náà jáde, mo gbé e sórí tábìlì. Ó kà á pẹ́. Ó ní kí n lọ jókòó. Mo jókòó ti bàbá aláṣọ, ẹ̀rù bà mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ kékeré. Bàbá ní, "Má sunkún. Sọ fún wọn pé kaàtì mi wà nínú àpótí onírin tó wà lábẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù." Mo sọ ọ́ ní Faransé. Ọ̀rẹ́ mi àti ọlọ́pàá kan mú kọ́kọ́rọ́ lọ, wọ́n sì gbé kaàtì dé. Ó ṣì dáa, ó ku ọdún kan gbáko. Wọ́n dá bàbá aláṣọ sílẹ̀, wọ́n ní kí n pe bàbá mi, èmi kò lọ ibì kankan títí wọn yóò fi dé.

Bàbá aláṣọ wọ bàtà wọn, wọ́n sì padà jókòó. "Bí ọmọ ò bá lọ, èmi náà ò lọ." Ọlọ́pàá lé wọn títí, wọn ò dìde. Nígbà tí àkókò ìrun Àsárì tó, wọ́n kírun sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì. N kò lè bẹ̀ wọ́n. Gbogbo ìgbà tí mo bá la ẹnu, wọ́n á bi mí nípa ẹ̀kọ́ mi.

Bàbá mi dé pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n ti ń kó kiri láti oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ìbẹ̀bẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, kí ọ̀gá ọlọ́pàá tó ní ká máa lọ, ká sì padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ní ìta, bàbá aláṣọ di bàbá mi lọ́wọ́ mú. "Ọmọ yín ló wá gbà mí sílẹ̀ lónìí o. Ẹ kú oríire ọmọ."

Kaàtì mi jáde kí ọdún náà tó parí. Ọ̀rẹ́ mi bá mi sọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n ó gba àkókò. Bàbá aláṣọ ti padà sí Ṣakí, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí lọ́dún tó kọjá, kí n tó lè sọ pé ẹ forí jì mí. Mo ti mọ púpọ̀ báyìí nípa àṣà ènìyàn kárí ayé, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n bí mo bá rí ọlọ́pàá lójú títì, ọwọ́ mi ṣì máa ń lọ sórí báàgì mi.

Bí àlejò bá wá, bàbá mi á máa ròyìn ọmọ wọn obìnrin tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ àgọ́ ọlọ́pàá nítorí àgbàlagbà, tí ẹ̀rù kò sì bà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pinnu láti sọ ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nínú takisí fún wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ojú wọn, bó ṣe máa ń tàn, mo máa ń dìde, màá ní mo fẹ́ lọ wo ohun tó wà lórí iná.